Obì Mọ́rọ́nfọ́lá Inú Àpótí Dísìkì

Ìṣẹ́gun, 12 Júláì 1988

Lẹ́tà dé. Mo lọ mú un ní póósítì ọ́fíìsì lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, òjò sì pa mí délé. Abẹ́ ẹ̀wù ni mo fi í sí kí ó má baà tutù.

Lẹ́tà Mọ́rọ́nfọ́lá ìyàwó mi kì í gùn, ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́rin ni ti òní. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ òun lọ́hùn-ún ní ìlú Òyìnbó kò gba àròpọ̀ tí òun kó lọ. Iye obì tí igi kọ̀ọ̀kan so ló fẹ́ rí, igi ọ̀tàlérúgba, fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ìwé tí ó fi ń kọ ọ́ nínú oko, ikán ti jẹ ẹ́ tán ní sítọ́ọ̀. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni àpótí dísìkì tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà ibùdó ìwádìí obì tí òun ti ṣiṣẹ́, lọ́nà Ṣímáwà. Kí n lọ wá a. Kí n dà á sí dísìkì pẹlẹbẹ, kí n sì rí ẹni tí yóò mú un wá sọ́dọ̀ òun kí Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí.

Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, mo ní láti padà wálé wá ka igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kéré tán sáà kan."

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ku oṣù méjì kí ó pé ọdún méjì tí ó ti lọ.

Èmi tí mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Júláì

Mo gbàyè ní ilé ìwé, mo fi igbákejì mi sípò, mo wọ mọ́tò lọ sí ibùdó. Ọ̀gá wọn ní kò burú, kí n ṣáà má ba nǹkan jẹ́. Bánkẹ́, ọmọbìnrin tó ń tẹ lẹ́tà wọn, ló ṣílẹ̀kùn yàrá fún mi.

Àpótí náà wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ti to fáìlì lé e lórí. Ó tó búrẹ́dì ńlá méjì tí a gbé lé ara wọn, wáyà ìdí rẹ̀ sì nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo nù ún. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí orúkọ ìyàwó mi tí ó fi bírò kọ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni.

Mo tẹ́ lẹ́tà rẹ̀ sórí tábìlì, mo ń ṣe bí ó ṣe wí. Kọ́kọ́ tan àpótí. Jẹ́ kó kùn. Tan kọ̀ǹpútà. Bí C bá yọ lójú rẹ̀, tẹ D, orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe àpótí, tẹ àmì ẹlẹ́yinméjì (:), kí o wá tẹ bọ́tìnnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún. Mo tẹ̀ ẹ́, àmì mìíràn ló yọ.

"Ẹ di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yẹn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, sà," ni Bánkẹ́ wí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Mo tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé òun ò mọ D kankan. Ó tún gbé C síwájú mi, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń retí ohun tí n ó tún sọ. Mo tẹ D nígbà mẹ́jọ. Ìdáhùn kan náà ló fún mi nígbà mẹ́jọ.

Àbámẹ́ta, 16 Júláì

Ìyá mi dé láti Ìpara pẹ̀lú iṣu àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní gàrí ti wọ́n sí i lọ́hùn-ún pàápàá, níbi tí a ti ń ṣe é. Mo ka lẹ́tà sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún ibi tó kẹ́yìn kà.

"Dọ̀tun, ṣé mo gbọ́ dáadáa? Bí o bá rí nǹkan yìí, ó jókòó sọ́hùn-ún. Bí o ò bá rí i, ó wálé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kí wá lò ń wá?"

Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu.

Ajé, 18 Júláì

Ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Òjò láti àárọ̀. Òrùlé kíláàsì kẹrin ń jò, a kó àwọn ọmọ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ kíláàsì karùn-ún.

Ọjọ́rú, 20 Júláì

Bí mo ṣe ń di irun Àtinúkẹ́ ọmọ wa fún ilé ìwé (n kò mọ̀ ọ́n dì, bí ìtẹ́ ẹyẹ ló máa ń rí), ó bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé Màámi ga?"

Mo ní ó ga.

"Tó ibo?"

Mo mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà iyàrá, mo fi ọwọ́ sí ibi tí orí ìyá rẹ̀ máa ń dé lára férémù. Ó wo ibẹ̀ títí. Nígbà tí mo padà wọlé lọ mú bàtà rẹ̀, ó ti gbé àpótí ìjókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, ó ń na ọwọ́ sí i.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ. Ó rántí aṣọ búlúù tí ó wọ̀ lọ. Kò rántí ojú rẹ̀ bí kì í bá ṣe fọ́tò.

Ìṣẹ́gun, 26 Júláì

A ti gba ìsinmi. Mo lọ sí Sábó lọ bẹ Ebenezer, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe lẹ́yìn ilé àwọn tó ń di obì ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Ó ní òun ò tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wáyà kì í ṣe ajẹnìyàn. A jọ lọ.

Bánkẹ́ ní ẹnjiníà kan wá láti Èkó lánàá, pé ó fi nǹkan kún kọ̀ǹpútà kí ó lè máa yára. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ebenezer yọ wáyà ńlá náà lẹ́yìn àpótí, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó kígbe.

"Tíṣà, ẹ wá wò ó. Èèrà ti kọ́lé síbí."

Òótọ́ ni. Yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu wáyà, àwọn irin tíntìntín inú rẹ̀ sì ti dógùn-ún bí owó idẹ àtijọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin mẹ́tàdínlógójì, mo kà wọ́n bí ó ṣe ń fọ̀ wọ́n. Nígbà tí ó parí, wọ́n ti mú iná lọ. A dúró di agogo márùn-ún, iná kò dé. Ó ní kí n padà wá lọ́la kí n dán an wò fúnra mi, kò gba owó ju ti mọ́tò lọ. Ó ní ìyàwó mi ló bá òun kọ lẹ́tà tí àbúrò òun fi wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́rú, 27 Júláì

Ó gbà! Mo tẹ D, D yọ síwájú mi, kò bá mi jiyàn. Èmi àti Bánkẹ́ pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi yọjú.

Lẹ́tà ní kí n tẹ DIR kí ó lè ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò sí fáìlì kan ṣoṣo. Bánkẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí.

Ọdún mẹ́rin tí Mọ́rọ́nfọ́lá fi ń jí wọ oko obì pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo pa àpótí, mo rìn dé ojú títì kí n tó rántí pé mo gbàgbé agbòòrùn mi.

Ọjọ́bọ̀, 28 Júláì

Agogo mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àdéhùn wa, Mọ́rọ́nfọ́lá máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù ilé tí wọ́n ń gbé. Mo mú Àtinúkẹ́ dání lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù. Mo san owó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo sọ fún un. Ó ń sunkún. Mo mọ bí ó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ó dáa," ó ní. "Màá wálé, Bàbá Tinú. Kí Sẹ̀tẹ́ńbà tó parí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́."

Mo fi tẹlifóònù sí etí Àtinúkẹ́. Ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí i ti kòkòrò kékeré. Orí ni Àtinúkẹ́ kàn ń mì, bí ẹni pé wọ́n ń rí i.

Nígbà tí a jáde, inú mi ń dùn. Mo gbìyànjú kí ó má dùn. Ó ń dùn.

Àìkú, 31 Júláì

Lẹ́yìn ìsìn mo kun iyàrá wa. Ọ̀dà funfun. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ fèrèsé nítorí òjò, mo tún gbé e padà, nítorí ibẹ̀ ni Mọ́rọ́nfọ́lá fẹ́ràn. Àtinúkẹ́ kun apá ìsàlẹ̀, ó kun ara rẹ̀ náà.

Ìṣẹ́gun, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀gá ibùdó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fọwọ́ sí ìwé pé àpótí náà ti kú, kí wọ́n lè kó o kúrò. Bánkẹ́ ti lọ jẹun. Bírò kò sí lórí tábìlì, mo jókòó dè é.

N kò mọ ohun tó mú mi tún un tàn. Bóyá mo fẹ́ kí ó dágbére fún mi. Mo tẹ D, mo tẹ DIR. Kò sí nǹkan, bí i ti ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ojú kọ̀ǹpútà ni èmi àti Bánkẹ́ ń wò. Lónìí àpótí ni mò ń wò. Iná pupa kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú wàrà-wàrà nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án. Bí mo ṣe tẹ DIR yìí, iná náà kò mira. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò mira.

Bí mo bá pe ènìyàn lórúkọ, tí kò sì yíjú, ó lè jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ ni mo pè.

Mo tẹ E. Mo tẹ àmì ẹlẹ́yinméjì. Iná pupa ṣẹ́jú. Àpótí kérora bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo tẹ DIR, orúkọ àwọn fáìlì sì tò wá síwájú mi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan: OBI82, OBI83, OBI84, OBI85.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bánkẹ́ lókè àtẹ̀gùn.

Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo pa àpótí náà. Mo ní orí ń fọ́ mi, pé n ó padà wá fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

N kò lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù.

Àìkú, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

N kò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn oúnjẹ mo sọ fún ìyá mi pé mo ti rí i. Mo rò pé wọn yóò yọ̀ pé n kò tíì wí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá àwo fífọ̀ dúró.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Má wulẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ." Wọ́n tún gbé àwo náà, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí o bá fi pamọ́, Dọ̀tun, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí o fi máa kú. Ṣé o lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. O ò lè fi ẹran tí o jí nínú ìkòkò pamọ́ di àárọ̀."

Ajé, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ. Mo fẹ́ kàn wo ohun tí mò ń fi pamọ́ ni. Bánkẹ́ ti kọ́ mi bí mo ṣe lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka fáìlì sójú rẹ̀, kí n sì dá a dúró. Mo ṣí OBI82.

Nọ́ńbà igi, ọjọ́ tí ó kà á, iye pódi, ìyẹn èèpo tó gbé obì sínú, àlàyé ṣókí. Òjò. Kòkòrò lára ẹ̀ka. Olè ti ká igi kẹrìnlá. Mo ń kà á bọ̀ láti Òkìtóbà. Mo dé 9 Nòfẹ́ńbà 1982, kò sí iye kankan níbẹ̀. "Kò sí kíkà. Mo bímọ." Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 23 Nòfẹ́ńbà, igi ogójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo rántí ọjọ́ yẹn. Mo bá a jà. Mo ní irú obìnrin wo ló ń lọ sóko nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó ní igi kì í dúró de ènìyàn, ó di ọyàn rẹ̀ tó wú, ó lọ. Èmi ni mo gbé Àtinúkẹ́ tẹ̀lé e dé ìdí igi kí ó lè fún un lọ́mú. Mo dúró sínú koríko, inú ń bí mi, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń ka pódi sókè, ó ní kí n bá òun kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Nínú iye yẹn, díẹ̀ wà tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo dìde, mo lọ pe Bánkẹ́. "Lórí E ló wà," mo wí fún un. Ó sáré wá, ó wò ó, ó wá pariwo pé ẹnjiníà yẹn ni! Ó ní ó ti mú lára iyè kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó fi ṣe dísìkì kan tó máa ń ṣófo ní gbogbo ìgbà tí a bá pa á, ó sọ ìyẹn di D, ó sì ti àpótí sẹ́yìn di E. Kò bi mí nípa ọjọ́ tí mo rí i.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n sí dísìkì pẹlẹbẹ, ọdún kan sí dísìkì kan. Méjì àkọ́kọ́ kọjá. Ní OBI84, kọ̀ǹpútà dúró, ó ní òun ò lè ka ibì kan: ṣé kí òun fi í sílẹ̀ ni tàbí kí n tẹ R kí òun tún gbìyànjú? Mo tẹ R. Ó kọ̀. Mo tẹ R. Ó kọ̀. Bánkẹ́ gbé ọwọ́ lé orí àpótí, ó ní ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà mú. A pa á, a ṣí fèrèsé, a fi páálí fẹ́ ẹ tó wákàtí kan. Nígbà tí a tún un ṣe, mo tẹ R nígbà mọ́kànlá. Ní ìkejìlá ó kọjá.

Dísìkì mẹ́rin. Mo wé wọn sínú aṣọ ìléwọ́, mo gbé wọn lé itan délé, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn mí nínú mọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

"Mọ́rọ́nfọ́lá, mo rí i."

"Ẹ rí kí ni?"

"Obì rẹ. Gbogbo rẹ̀. Lórí E ló wà, kì í ṣe D."

Ó kígbe. Ó pe Ọlọ́run. Ó sọ fún ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lédè Òyìnbó. Ó wá ní, "Nígbà wo?"

Mo lè sọ pé àná. "Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ó máa ń kíyè sí iye. "Mo dúró síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò pè. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí o wálé."

Owó ń lọ. Obìnrin orí tẹlifóònù ní ó ku ìdajì ìṣẹ́jú.

"Bàbá Tinú," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti sún mọ́ mi gan-an, "èmi náà ń gbàdúrà pé kí ẹ má rí i. Mo ti..."

Wọ́n gé e.

Àbámẹ́ta, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ìyáàfin Adétóun, tí a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní London lọ́la. Mo fi dísìkì lé e lọ́wọ́ fún Mọ́rọ́nfọ́lá, mo ní kí ó má fi í sí ìdí ẹrù, kí ó má fi í sí oòrùn, kí ó má jẹ́ kí nǹkan wúwo gorí rẹ̀. Ó ní, "Olúdọ̀tun, ṣé ọmọ tuntun ni?"

Ìyá mi padà sí Ìpara. Wọ́n ní mo ṣe é dáadáa, wọn ò sì wò mí lójú.

Àbámẹ́ta, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ dé láìsí àléébù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n sì ti fi iṣẹ́ ọdún méjì lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kò tíì fèsì. Ó ní: "Kí ni kí n ṣe?"

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta, mo ya wọ́n. Ìkẹrin ni mo fi ránṣẹ́: "Mo fẹ́ kí o wálé. Bí o bá dúró, ọkọ rẹ ṣì ni mí. Òótọ́ ni méjèèjì."

Ọjọ́rú, 5 Òkìtóbà

Kò sí lẹ́tà. Wọ́n ti ń ká obì. Gbogbo Sábó ń rùn bí ewé tútù.

Ajé, 24 Òkìtóbà

Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́rú, 9 Nòfẹ́ńbà

Àtinúkẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo din àkàrà, mo ṣe ìrẹsì. Ọ̀sán ni lẹ́tà dé, ìlà mẹ́ta péré. Wọ́n ti gba iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wọlé. Ó ti dá àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lóhùn pé rárá. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún Dìsẹ́ńbà, ni yóò bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà.

Mo jókòó sẹ́yìn ilé títí àkàrà fi tutù.

Àbámẹ́ta, 17 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, ọkọ̀ òfuurufú sì fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Mo ti lọ aṣọ Àtinúkẹ́, mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ onídìrí kí ojú má baà tì mí.

Mọ́rọ́nfọ́lá jáde pẹ̀lú báàgì méjì. Ó ti rù. Ó fi gíláàsì sójú, èyí tí kò sọ fún mi nínú lẹ́tà kankan. Ó rí mi, ó dúró. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, Àtinúkẹ́ ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó ti lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kí a máa kí àgbàlagbà tí a ò mọ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sínú ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wò mí pé kí n má sọ̀rọ̀. Ó gbé báàgì kalẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, láàárín àwọn èrò.

"Káàsán, ọmọ dáadáa. Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Àtinúkẹ́ Ṣóbọ̀wálé ni, mà."

"Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn."

Àtinúkẹ́ yíjú, ó wò mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni.